Igi Júnípà Tó Wà Lórí Ibi Ọmọ Mi

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọgbà ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ohun tó máa ń bi mí ni ìdí tí mo fi fi igi burúkú yẹn síwájú ilé. Igi júnípà ni. Apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, apá kejì kò ní ewé kankan, ẹ̀ka gbígbẹ lásán ló nà sí ojú fèrèsé pálọ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé igi kì í ṣe ìyàwó, kò pọn dandan kó lẹ́wà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́ fún wọn, ilẹ̀ á ṣú bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rù tí igi yẹn dá bà mí, mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Àkúrẹ́ la wà nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ìròyìn náà jáde lórí rédíò, àwọn ará Èkìtì ń jó lójú títì. Nígbà tó wá di pé kí á kẹ́rù, ijó dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba máa bọ̀ ní Adó, Adó ò sì ní ilé tó lè gba gbogbo wọn. Ilé kan wà tí ọkọ mi ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ àpáta, tí a kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀. Inú rẹ̀ la kó sí. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń wọkọ̀ lọ sí Adó, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dé pẹ̀lú eruku lórí, á ní ìjọba tuntun ò tíì ní àga tí òun máa jókòó lé.

Nínú ẹrù tí a kó bọ̀, igi júnípà méjì wà, inú ike ọ̀dà la gbìn wọ́n sí. Ọ̀gá ọkọ mi kan tó ń fẹ̀yìn tì ló fún un. Ọ̀gá náà ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀: kí oòrùn máa pa á dáadáa, kí ilẹ̀ rẹ̀ má jẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, kí wọ́n má gé ẹ̀ka rẹ̀ wọ ibi tí kò ti sí ewé, nítorí ibi tí ewé bá ti tán lára rẹ̀, kì í padà hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà ọyẹ́, àwọn kòkòrò pupa kékeré kan lè máa fa omi ara rẹ̀, kí á máa fi omi fọ ewé rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ọkọ mi ń ka òfin wọ̀nyí fún mi bíi kátíkísìmù. Mo ní fúláwà tó ń béèrè tó báyìí, ó yẹ kí òun náà máa bá wa pọn omi.

Apá méjèèjì ẹnu ọ̀nà ilé ló gbìn wọ́n sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń fi ọkọ́ gbẹ́. Dígà ló fi gbẹ́ ti apá ọ̀tún, ó jin dáadáa, ó sì bu ilẹ̀ dúdú láti oko kòkó kún un. Nígbà tó dé apá òsì, ó kan àpáta kó tó jìn débì kankan. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bu iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti po kọnkéré, ó fi gbin èkejì, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ènìyàn pé kó má bínú.

Oyún wà nínú mi nígbà náà. Kì í ṣe oyún àkọ́kọ́. A ti bí ọmọ kan ní Àkúrẹ́, ọkùnrin ni, ó ti ń jókòó kí ibà tó mú un lọ. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, kò sunkún lójú mi. Ó kàn bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ubi ọmọ náà ńkọ́, ìyàwó mi? Níbo lẹ sin ín sí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ibi ọmọ, tí àwọn àgbà ń pè ní èkejì ọmọ, àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e lọ lọ́jọ́ tí mo bímọ, mi ò tilẹ̀ rántí béèrè. Ìyá náà mi orí, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí èkejì rẹ̀ wà, kò sí ohun tó so ó mọ́lẹ̀.

Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Oko ló ń gbé, ní ìhà Ìsẹ̀, iṣu àti kòkó ló fi tọ́ ọkọ mi. Ó dé sí Ìkẹ́rẹ́ kí oṣù mi tó pé, ó gbé ìkòkò tuntun kan tó ní ìdérí dání. Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú mi, ó bá wa dé ọsibítù, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ pẹ̀lú ìkòkò yẹn lórí ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ síta. Yèyé ní òun ò bá a jà, ohun tí òun wá gbà ni òun ń dúró dè. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, ìyá yìí ti gba èkejì ọmọ, ó ti ń lọ sílé, kó tó wá bi mí bóyá ara mi le.

Ó gbé ọkọ́ yí ilé po. Gbogbo ibi tó bá sọ ọ́ sí, àpáta ló ń dá a lóhùn. Ibì kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ti rọ̀ ni ìdí júnípà apá ọ̀tún, níbi tí ọkọ mi da ilẹ̀ oko sí. Ibẹ̀ ló sin ìkòkò náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Nígbà tí ọkọ mi fi máa dé láti Adó, ó ti parí. Ó wo igi, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, mo mọ̀ pé ibi ọmọ tí a sin ti di ilẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò níí purọ́, ọkàn mi balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí ní tiẹ̀, a mọ ibi tó wà.

Ẹni tí kò bá dàgbà lọ́dọ̀ wa lè má mọ̀ pé wọn kì í sin ibi ọmọ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí ilẹ̀ orí rẹ̀ bá gbẹ, ara ọmọ á máa gbóná, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún ọmọ, kí omi ìwẹ̀ máa wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Yèyé gbé àpótí rẹ̀ sí ìdí júnípà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, á máa kì í, á máa bu omi sí i lára. Nígbà tó bá tán, á da ìyókù omi sí ìdí igi. Bí òjò bá rọ̀, kò ní kó má wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, abẹ́ agbòjò ló ti ń ṣe é.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, obìnrin kan nínú ìjọ wa bi ọkọ mi ní orúkọ igi náà. Inú ọkọ mi dùn, ó ní júnípà ni. Obìnrin náà ní, "Ṣé igi tí wòlíì jókòó sábẹ́ rẹ̀ nínú aginjù, tó ń tọrọ ikú?" Ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹsẹ̀ igi níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ọ̀rọ̀ aláwàdà ni, ṣùgbọ́n ó wọlé sí mi lára kò sì jáde mọ́.

Àárín òjò ni igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀. Láti inú ló ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ara igi, níbi tí ènìyàn ò ní tètè rí. Ewé tó wà níbẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ilẹ̀, bí mo bá fọwọ́ kàn án á jábọ́. Mo rántí kòkòrò pupa tí ọ̀gá wí. Mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ka, mo gbọn ọ́n, mo dúró kí n rí ohun tó máa rìn. Kò sí ohun tó rìn. Yèyé dé ẹ̀yìn mi, ó ní, "Òùngbẹ ló ń gbẹ ugi náà." Ó wọlé, ó gbé omi jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Á gbóná lónìí, á tutù lọ́la, á tún gbóná. A gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n fún wa ní oògùn olómi, ó dá, ó tún padà. Èmi ti rí irú èyí rí ní Àkúrẹ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, lẹ́yìn náà mo máa jáde lọ wo igi. Bí iwájú orí bá gbóná, mo máa rò ó pé ewé tó gbẹ á pọ̀ sí i. Bí ewé tó gbẹ bá pọ̀ sí i, mo máa sáré padà wọlé lọ fọwọ́ kan iwájú orí. Mò ń kọ́ ọmọ oníwèé mẹ́ta bí gbòǹgbò ṣe ń fa omi, tí aago bá sì ti dún, mo ti wà lórí ọ̀kadà, mò ń sáré lọ sílé lọ wo ewé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun tán. Ọkọ mi ní kí n má ro ìròkurò. Ṣùgbọ́n òun náà, kó tó wọkọ̀ Adó, mo ń rí i lójú fèrèsé tó ń da omi kẹ́tù sí ìdí igi. Ẹni tó mọ òfin júnípà lórí ni o. Ìbẹ̀rù ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó wà ní apá òsì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Orí òkúta ló wà, a ò wẹ̀ fún ọmọ níbẹ̀, a ò bu omi sí i. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ti ilé ìwé bọ̀, mo dúró láàárín méjèèjì bí ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú. Ti apá òsì ga, ó dúdú, ó ń dán. Ti apá ọ̀tún ti di ìdajì. Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Ó tutù nini, ẹrẹ̀ ni, nígbà tí mo sì fa ọwọ́ yọ, òórùn tó bá a jáde ni òórùn iṣu tó rà nínú ebè.

Mo pe Yèyé. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, kò nílò kí n ṣàlàyé. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń wo omi tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ ìwẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Omi ló pa á," ó ní. "Omi tí mò ń dà."

"Kò tíì kú, Yèyé."

"Ìyàwó mi, àbí ọwọ́ mi ni mo fi ń pa ọmọ yìí?"

Mo fẹ́ sọ pé igi kọ́ ni ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń bá jà kò rọrùn bí ẹni ń gbin fúláwà. Bí a bá ń da omi sí i lọ, igi tó wà lórí èkejì ọmọ á kú. Bí a bá dá omi dúró, ilẹ̀ orí èkejì ọmọ á gbẹ, ara ọmọ á sì gbóná ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀nà méjèèjì já sí ibì kan náà. Mo kàwé tó kí n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sin ọmọ kan, ìwé ò sì sọ fún mi ìgbà tí ẹ̀rù yẹn máa ń tán.

Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kí Yèyé máa wẹ̀ fún ọmọ lórí àpáta lẹ́yìn ilé. Tó bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, á ti ìka bọ omi ìwẹ̀, á wá wọ́n ọn sí ìdí igi, ìwọ̀nba kí ilẹ̀ mọ̀ pé a ò gbàgbé òun. Ó gbà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò jẹun dáadáa. Bí ọmọ bá sùn, á jókòó tì í, á máa gbọ́ bó ṣe ń mí.

Kò pẹ́ rárá. Ọjọ́ Sátidé ni, ọkọ mi ò sí nílé, oòrùn mú, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí Yèyé pariwo. Nígbà tí mo dé yàrá, ojú ọmọ ti yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹnu rẹ̀ ń hó. Gìrì ti mú un. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tíṣà bàọ́lọ́jì ṣe. Mi ò gbé ọmọ. Mo sáré gba ilé ìdáná, mo gbé garawa omi tí a pọn sílẹ̀, mo ń gbé e sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí mi: èmi ni mo ní kí wọ́n dá omi dúró, ilẹ̀ ti gbẹ, èmi ni mo pa á. Mo ti gbé garawa sókè lórí igi náà nígbà tí ọwọ́ kan di ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé ìyá yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀.

"Éétirí?" ó ní, ó ń bi mí ohun tó dé. "Éétirí, ìyàwó? Ugi kọ́ ló bí i! Gbé ọmọ ẹ, ká máa lọ ọsibítù!"

Ó já garawa gbà, ó jù ú nù. Ó sáré wọlé, ó ti pọn ọmọ sẹ́yìn ara rẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A dá ọ̀kadà dúró lójú títì, a jókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn ẹni tó ń wà á, Yèyé ń sọ fún un pé kó máa sáré, èmi ń pe orúkọ ọmọ sí i létí. Ní gbogbo ọ̀nà, mo rò pé bó bá dákẹ́, ó ti tán nìyẹn. Ó dákẹ́ kí a tó débẹ̀. Mo fi etí lé e lẹ́yìn, mo gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ibà ni, wọ́n ní. Ibà tí oògùn olómi yẹn kò ká. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí a dúró. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, tó dé, tó rí i pé kò sí ohun tí òun lè ṣe níbẹ̀ ju kó máa rìn lọ rìn bọ̀ lọ, Yèyé ní kó lọ sílé lọ ṣe nǹkan kan. Ó lọ. Ó gbé dígà, ó la kòtò gbọọrọ láti ìdí igi lọ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde, ó kó ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kúrò, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i bíi ti apá òsì. Ó ní òun ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ nígbà tí òun sún mọ́ ìkòkò, kí dígà má baà kàn án. Ọkùnrin tó ní kí n má ro ìròkurò.

Ọmọ yá. Mo gbé e wọlé nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, mi ò sì wo igi rárá títí mo fi wọ yàrá. Lọ́jọ́ kejì ni mo jáde lọ wò ó. Ìdajì tó ti gbẹ, ó ti gbẹ, kò sì padà hù di òní, bí ọ̀gá ti wí. Ìdajì kejì dúró. Ní ọyẹ́ ọdún náà, ó yọ ewé tuntun ní ṣóńṣó. Yèyé rí i kí n tó rí i. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa.

Yèyé ti lọ sinmi. Ó darúgbó kó tó lọ, kò sì sí ìgbà tó wá kí wa tí kì í ti ìka bọ omi kó wọ́n ọn síbẹ̀. Èmi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń sọ fún ọmọ mi pé ìtàn àwọn àgbà ni, pé òkúta wẹ́wẹ́ ló gba igi là, abẹ́rẹ́ ló gba òun là, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án. Ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àwọn àna rẹ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, mo ń yan ẹran lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ìró kan níwájú. Mo sáré jáde. Ọmọ mi ló dúró nídìí júnípà, ó káṣọ sókè, ó gbé ayùn lé ara igi. Ó ní igi yìí á ba fọ́tò òun jẹ́, ti apá òsì ti tó fún ẹwà.

Mi ò mọ irú ariwo tí mo pa. Àwọn ará ilé kejì yọjú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbà á gbọ́?"

"Mi ò gbà á gbọ́," mo ní. "Gbé ayùn yẹn sílẹ̀ kí o tó bá mi sọ̀rọ̀."

Ó wò mí, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má bínú, òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ní mi ò bínú. Mo gbé ọwọ́ mi lé iwájú orí rẹ̀, ọmọ tó ti fẹ́ lọ sílé ọkọ, mo sì fi í síbẹ̀ títí ó fi dá mi lójú pé ara rẹ̀ kò gbóná.